Òṣùwọ̀n fún Ìgbà Oyún: Ẹ̀kọ́ lórí Wíwọn Ọ̀rá inú Ẹ̀jẹ̀ Aboyún

Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa retí ìwàásù láti ọwọ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ̀kọ́ ni a fẹ́ kọ́ ní tiwa, orí ẹ̀kọ́ náà sì ni ọ̀rá tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún àti bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Láyé àtijọ́, aboyún tí ó bá tọ àlùfáà wá fún àdúrà, oyún inú rẹ̀ nìkan ni ó máa ń gbé wá. Lónìí, ó ń mú ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ pẹ̀lú, ojú rẹ̀ a sì fi hàn pé ìwé náà wúwo fún un ju oyún lọ.

Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ ní ìgboro. Ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè wọlé, kí ó ní kí wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀jẹ̀ òun wò, láì jẹ́ pé dókítà ni ó rán an. Bí èsì bá jáde, a ó rí orúkọ ohun tí wọ́n wọ̀n, iye tí ó jẹ́, ààlà tí ó yẹ kí ó wà, àti lẹ́tà H lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyíkéyìí tí ó bá ga ju ààlà náà lọ. Aboyún olóṣù méje tàbí mẹ́jọ lè rí H mẹ́ta lórí ìwé kan ṣoṣo. A ti rí èyí tí ó tìtorí H yẹn fi epo àti ẹja sílẹ̀ pátápátá. A ti rí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. A ti rí èyí tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ kiri pé ó ní àrùn ọkàn. Ní ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohunkóhun kò ṣe wọ́n rárá. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n ni kì í ṣe tiwọn.

Àwọn tí ń ra gàrí lọ́jà mọ ohun tí a ń wí. Kóńgò tí wọ́n bá ti lù ní ìdí kò lè sọ òtítọ́, bí gàrí inú rẹ̀ tilẹ̀ kún dé ẹnu. Ìwé Òwe sì kọ́ wa pé òṣùwọ̀n èké jẹ́ ohun ìríra lójú Olúwa. Ṣùgbọ́n kóńgò tí ó pé pàápàá lè ṣini lọ́nà, bí a bá fi wọn ohun tí a kò ṣe é fún. Ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú ẹ̀kọ́ yìí ni èyí: iye ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ obìnrin kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá mọ̀ bóyá ó lóyún, àti oṣù tí oyún náà wà.

Orúkọ àwọn ohun tí wọ́n ń wọ̀n

Díẹ̀ nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà wúlò níhìn-ín. Lipos ni àwọn Gíríìkì ń pe ọ̀rá, láti ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣègùn ti rí orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀yà ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bí 1815, Michel-Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ilẹ̀ Faransé, fún ohun kan tí wọ́n rí nínú òkúta inú òróòro ní orúkọ. Ó mú kholē, èyí tí í ṣe òróòro, ó fi kún stereos, èyí tí í ṣe ohun líle, orúkọ náà sì di ohun tí a ń pè ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lónìí. Ọ̀rọ̀ kholē yìí kan náà ni Mátíù lò nígbà tí ó sọ nípa òróòro tí wọ́n pò mọ́ ọtí fún Olúwa wa ní Gọ́gọ́tà.

Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun tí ara ń sun bí iná láti fi rí agbára. Ó dà bí bíríkì: ara ń fi í kọ́ ògiri gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń fi í ṣe oríṣiríṣi họ́mónù. Èkejì rẹ̀ ni tíráígílísẹ́ráìdì. Èyí ni ọ̀rá tí a mọ̀ dáadáa, irú rẹ̀ ni ó wà nínú epo pupa, nínú òróró ẹ̀pà àti nínú ọ̀rá ẹran. Òun ni ara ń tọ́jú pamọ́ sí itan, sí ìbàdí àti sí ikùn, kí ó lè rí nǹkan sun nígbà tí oúnjẹ kò bá sí.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé òróró kì í bá omi rẹ́. Nítorí náà, ọ̀rá kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ a máa dì í sínú ẹrù kéékèèké tí a fi púrótéènì wé, ẹrù wọ̀nyí a sì máa rìn káàkiri ara bí ọkọ̀ ojú omi. VLDL ni orúkọ ọkọ̀ tí ń kó tíráígílísẹ́ráìdì jáde láti inú ẹ̀dọ̀. LDL ni ó ń kó kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lò ó. HDL ni ó ń kó èyí tí ó ṣẹ́kù padà wá sí ẹ̀dọ̀. Nítorí pé LDL tí ó bá pọ̀ jù fún ọdún púpọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀, tí ó sì lè fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní èyí tí kò dára, wọ́n sì sọ HDL ní èyí tí ó dára. A ó rí i láìpẹ́ pé orúkọ méjèèjì yìí kò bá ìgbà oyún mu dáadáa.

Ẹni tí ó bá ka ìwé Léfítíkù yóò rántí pé ọ̀rá ẹran ẹbọ ni wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ fún Olúwa, nítorí òun ni àṣàyàn. Ọ̀rá kì í ṣe ọ̀tá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àpọ̀jù rẹ̀, ní ibi tí kò yẹ àti ní ìgbà tí kò yẹ, ni ó ń di àrùn.

Ohun tí oyún ń ṣe sí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ oyún, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dínkù díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kò sì ní dúró títí di ìgbà tí ìbímọ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lápapọ̀ a máa fi nǹkan bí ìdá 25 sí ìdá 50 nínú 100 ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tíráígílísẹ́ráìdì ni ó ń ga jù lọ: ó lè di ìlọ́po 2, ó lè di ìlọ́po 3 tàbí 4. LDL náà a máa ga. HDL a máa ga títí di àárín oyún, lẹ́yìn náà a sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ̀ tó ibi tí ó wà kí oyún tó dé.

Ohun ìyanu tí ó tún wà níbẹ̀ ni pé omi inú ẹ̀jẹ̀ aboyún a máa fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá bu omi sí ọbẹ̀ ń retí pé kí iyọ̀ rẹ̀ dínkù. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń rí fún ohun púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rá, omi pọ̀ sí i, ọ̀rá sì tún ga sí i. Èyí fi hàn gbangba pé kì í ṣe àṣìṣe ara. Iṣẹ́ ni ara ń ṣe.

Iṣẹ́ wo ni? A lè pín in sí ìgbà méjì. Ní ìdá méjì àkọ́kọ́ nínú ìdá mẹ́ta oyún, ara ìyá ń kó nǹkan pamọ́, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ tí ń kó àgbàdo sí àká nígbà ìkórè. Ọmọ inú ṣì kéré, kò tíì béèrè púpọ̀, oúnjẹ tí ìyá ń jẹ sì ń di ọ̀rá sí ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá di ìdá kẹta, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà kíákíá. Ṣúgà ni oúnjẹ tí ó fẹ́ràn jù, ó sì ń gbà á tọ̀sán tòru. Ara ìyá yóò wá yí ìṣe rẹ̀ padà. Kò ní dá ínsúlínì lóhùn bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, kí òun fúnra rẹ̀ má baà ná ṣúgà tí ọmọ nílò. Yóò ṣí àká ọ̀rá sílẹ̀, yóò sì máa sun ọ̀rá láti fi ṣiṣẹ́. Họ́mónù ẹ́sítírójìn pẹ̀lú, tí ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó máa di ẹrù ọ̀rá jáde sí i. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi kún fún tíráígílísẹ́ráìdì. Ìyá fi ọ̀rá bọ́ ara rẹ̀, ó fi ṣúgà sílẹ̀ fún ọmọ.

Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Họ́mónù kan wà tí a ń pè ní pírójẹ́sítírónì, òun ni ó ń mú kí ilé ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí ó má baà fún ọmọ jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Láti nǹkan bí oṣù kẹta lọ, ibi ọmọ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú LDL ìyá ni ó sì ń lò láti fi ṣe é. Ẹ ò rí i báyìí: LDL tí gbogbo ayé sọ ní orúkọ búburú ni ibi ọmọ ń kó wọlé láti fi dáàbò bo ọmọ. Láti inú tíráígílísẹ́ráìdì bákan náà ni ibi ọmọ ti ń já àwọn ọ̀rá wẹ́wẹ́ tí ń kọjá sí ọ̀dọ̀ ọmọ, tí ọpọlọ àti ojú rẹ̀ fi ń dàgbà. Bí ìbímọ bá sì ti súnmọ́, ọmú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rá láti inú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe wàrà.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n

Láti inú iṣan apá ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré. Wọn yóò jẹ́ kí ó dì, wọn yóò wá gbé e sínú ẹ̀rọ tí ń yí bíríbírí, títí èyí tí ó pupa yóò fi lọ sí ìsàlẹ̀, tí omi tí ó mọ́ tí ó sì pọ́n díẹ̀ bí òróró yóò fi léfòó. Inú omi yìí ni ọ̀rá wà. Bí tíráígílísẹ́ráìdì bá pọ̀ gidigidi, ojú lásán lè rí i, nítorí omi náà yóò funfun bí wàrà.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò fi àwọn ẹ́ńsáìmù kan sí i. Àwọn wọ̀nyí ń já kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tàbí tíráígílísẹ́ráìdì ní ipele dé ipele, títí omi náà yóò fi di àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí ohun tí wọ́n ń wá bá ti pọ̀ tó ni àwọ̀ yóò ti dúdú tó. Ẹ̀rọ a tan ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, a sì ka iye tí ó jẹ́. Ní ti HDL, wọn a kọ́kọ́ mú àwọn ẹrù ọ̀rá yòókù kúrò lọ́nà kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

LDL yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, wọn kì í wọ̀n ọ́n rárá. Ìṣirò ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ní 1972 ni William Friedewald, Robert Levy àti Donald Fredrickson gbé ìṣirò náà jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ mú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lápapọ̀, ẹ yọ HDL kúrò nínú rẹ̀, ẹ tún yọ ìdá kan nínú márùn-ún tíráígílísẹ́ráìdì kúrò. Èyí tí ó kù ni LDL. Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan tí a rò lọ́kàn ṣe àpẹẹrẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe ní kíláàsì.

Kí ó tó lóyún, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ 170, HDL 55, tíráígílísẹ́ráìdì 80. Ìdá kan nínú márùn-ún 80 jẹ́ 16. LDL rẹ̀: 170 − 55 − 16 = 99.

Ní oṣù kẹjọ oyún, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rẹ̀ di 250, HDL 66, tíráígílísẹ́ráìdì 220. Ìdá kan nínú márùn-ún 220 jẹ́ 44. LDL rẹ̀: 250 − 66 − 44 = 140.

Ààlà tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sórí ìwé ni pé kí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù má dé 200, kí tíráígílísẹ́ráìdì má dé 150, kí LDL má dé 130 tàbí kí ó má tilẹ̀ dé 100. Obìnrin yìí ti gba H mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ohun tí a sọ ṣáájú: kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ga tó ìdá 50 nínú 100, tíráígílísẹ́ráìdì rẹ̀ kò sì tíì tó ìlọ́po 3. Gbogbo rẹ̀ wà láàrin ohun tí oyún máa ń ṣe. Ẹni tí kò lóyún ni wọ́n ṣe ààlà orí ìwé náà fún. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè.

Ó tọ́ kí a mọ ohun mẹ́ta mìíràn nípa wíwọ̀n yìí. Èkíní, ìṣirò Friedewald kò ṣeé gbára lé mọ́ bí tíráígílísẹ́ráìdì bá ti ju 400 lọ, ó sì ṣeé ṣe kí aboyún tí tirẹ̀ ga dé ibẹ̀. Nígbà náà, wíwọn LDL fúnra rẹ̀ ni ó yẹ. Èkejì, ẹyọ òṣùwọ̀n kò rí bákan náà níbi gbogbo. Amẹ́ríkà ń lo mg/dL, Gẹ̀ẹ́sì ń lo mmol/L, a sì ń rí méjèèjì ní ilé àyẹ̀wò wa. Bí ọmọ yín tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù òun jẹ́ 6.5, tí àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní Houston sì ní tòun jẹ́ 250, ẹ má ṣe sunkún lórí àbúrò. Iye kan náà ni. Ẹ sọ 6.5 di ìlọ́po 38.67, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí 250 gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti tíráígílísẹ́ráìdì, 88.57 ni a ń lò, kì í ṣe 38.67.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àìjẹun. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti máa ń ní kí ènìyàn má jẹun fún wákàtí 9 sí 12 kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yìí, nítorí oúnjẹ a máa gbé tíráígílísẹ́ráìdì sókè fún wákàtí díẹ̀. Ilẹ̀ Denmark ti yí èyí padà láti 2009, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù sì fi ẹnu kò ní 2016 pé kò pọn dandan fún àyẹ̀wò ojoojúmọ́. Aboyún kò gbọdọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí àyẹ̀wò tí dókítà kò béèrè. Bí dókítà bá béèrè rẹ̀ láì jẹun, kí ó lọ ní òwúrọ̀ kùtù, kí ó mu omi, kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, kí ó sì gbé oúnjẹ dání tí yóò jẹ ní kété tí wọ́n bá fà á tán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó sọ fún wọn pé òun lóyún, kí wọ́n sì kọ iye ọ̀sẹ̀ oyún náà sórí ìwé.

Ìgbà tí H jẹ́ ìkìlọ̀ tòótọ́

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán kí ó sọ pé kò sí H tí ó lè pa aboyún lára. Tíráígílísẹ́ráìdì tí ó bá ju 1,000 mg/dL lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí 11.3 mmol/L, jẹ́ ewu. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò tí oúnjẹ ń wọ̀, páńkíríà ni orúkọ rẹ̀. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lè mú kí ó wú kí ó sì bàjẹ́, èyí sì lè gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ. Kì í wọ́pọ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ àwọn tí ọ̀rá wọn ti ga kí wọ́n tó lóyún ni ó ń mú. Àmì rẹ̀ ni ìrora kíkan ní òkè ikùn, tí ó ń ta dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú èébì. Aboyún tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ilé ìwòsàn ńlá ni ibi tí ó yẹ kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ má ṣe sọ pé inú kíkùn lásán ni, kí ẹ má sì gbé e wá sí ilé àlùfáà ṣáájú.

Àwọn kan sì wà tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù gíga jẹ́ àjogúnbá fún. Nínú nǹkan bí 250 ènìyàn, ẹnì kan ni ó ń ní irú èyí. Bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n obìnrin kan bá ti ní àrùn ọkàn ní ìgbà ọ̀dọ́, ó dára kí ó ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá kí ó tó lóyún, kí a lè mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tí ó bá ń lo oògùn tí orúkọ rẹ̀ parí sí statin gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó lóyún, tàbí ní kété tí ó bá mọ̀ pé òun ti lóyún. Ní 2021, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ ìkìlọ̀ tí ó le jù lọ nípa oyún kúrò lára oògùn wọ̀nyí, síbẹ̀ ó ní ó yẹ kí ọ̀pọ̀ aboyún dá a dúró. Nítorí náà, ẹni tí ó ti lò ó kí ó tó mọ̀ kò gbọdọ̀ bọ́hùn. Ẹni tí ó sì ti mọ̀ kò gbọdọ̀ dákẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún náà bá ọ̀rọ̀ yìí tan. Àwọn tí ó ń ní in sábà máa ń ní tíráígílísẹ́ráìdì tí ó ga ju ti aboyún ẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa wíwọn ọ̀rá ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Wíwọn ìfúnpá apá àti yíyẹ ìtọ̀ wò fún púrótéènì ni, àyẹ̀wò méjì tí kò wọ́n, tí agbẹ̀bí ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí aboyún bá lọ sí ilé ìtọ́jú. Èyí ni ohun tí ó ń dùn wá. Obìnrin kan lè san owó ńlá fún àyẹ̀wò ọ̀rá tí kò nílò, kí ó má sì rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sí ibi tí wọn yóò ti wọn ìfúnpá rẹ̀. Orí fífọ́ kíkan, ojú ṣíṣú, ojú àti ọwọ́ tí ó wú lójijì: ìwọ̀nyí ni H tí kò sí lórí ìwé, àwọn ni ó sì yẹ kí ẹ̀rù wọn bà wá.

Ohun tí ó tọ́ kí á ṣe

Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lámọ̀ràn pé kí aboyún rí oníṣègùn tàbí agbẹ̀bí nígbà 8, ó kéré tán, kí ó tó bímọ. Àyẹ̀wò ọ̀rá kò sí lára ohun tí wọ́n ní kí a máa ṣe fún gbogbo aboyún, ẹ sì ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Bí dókítà bá béèrè rẹ̀ fún ìdí kan pàtó, kí a ṣe é, kí dókítà náà sì ni yóò kà á. Ẹni tí ó bá ti ṣe é fúnra rẹ̀, kí ó mú ìwé náà lọ sí ilé ìtọ́jú aboyún kí ó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà.

Ní ti oúnjẹ, kí aboyún jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti ẹja. Ẹja títù àti ṣáwá tí a ń rí rà lọ́jà wa ní irú ọ̀rá tí ọpọlọ ọmọ nílò. Kí ó má ṣe fi epo sílẹ̀ pátápátá, kí ó sì má jẹ́ kí gbogbo oúnjẹ òun máa wẹ̀ nínú òróró. Ó dára kí a mọ̀ pẹ̀lú pé epo pupa kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, nítorí ara igi ni ó ti wá. Àpọ̀jù rẹ̀ ni kò dára. Ní ti ààwẹ̀, ẹ gbà á lẹ́nu wa gẹ́gẹ́ bí àlùfáà: kò sí aboyún tí Ọlọ́run béèrè pé kí ó fi ebi lé H lọ. Ara tí ń sun ọ̀rá tẹ́lẹ̀ fún ọmọ yóò tún sun ún sí i bí ebi bá ń pa á, ọmọ ni yóò sì ru ẹrù ebi náà pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìbímọ, tíráígílísẹ́ráìdì a máa sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, ó sì ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù a máa fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ara òun ti rí gan-an, kí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán. Bí ó bá tó oṣù mẹ́ta, ó dára jù. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ nínú oyún. Láti 2011 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà ti ka irú oyún bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí ń fi hàn pé obìnrin náà lè ní àrùn ọkàn ní ọjọ́ iwájú. Nígbà yẹn ni àyẹ̀wò ọ̀rá di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tòótọ́. Ó bani nínú jẹ́ pé nígbà yẹn gan-an ni gbogbo ilé máa ń gbé ojú kúrò lára ìyá, tí ọmọ nìkan sì kù tí wọ́n ń wò.

Ẹ̀yin òbí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ẹ̀yin ni ìyàwó ọmọ yín yóò kọ́kọ́ fi ìwé àyẹ̀wò hàn. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: oyún rẹ ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó? Ta ni ó ní kí o ṣe àyẹ̀wò yìí? Ìgbà wo ni wọ́n wọn ìfúnpá rẹ kẹ́yìn? Bí kò bá rí èsì fún ìkẹta, ẹ fún un ní owó ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìwé tí ẹ ń fún aboyún sọ pé aboyún ni. Ìlà kan péré tí ẹ bá kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ kí ìdílé kan sùn lóru ọjọ́ náà.

Kí Ọlọ́run tí ó dá ọmọ nínú ìkọ̀kọ̀ pa àwọn aboyún ilé wa mọ́, kí wọ́n gbóhùn ìyá, kí wọ́n sì gbóhùn ọmọ. Àmín.